"Yorùbá Lò Ń Kà?"

Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi èèyàn nínú ọgbà yìí kí wọ́n tó béèrè orúkọ ẹ̀: họ́sítẹ́ẹ̀lì wo lo wà, kí lo sì ń kà? Tó o bá ní Mẹ́dísìn tàbí Lọ́ọ̀, wọ́n á fún ẹ lága. Tó o bá ní Yorùbá, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ jáde. "Yorùbá kẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni?" Ẹlòmíì á fi àánú béèrè bóyá JAMB ló jù mí síbẹ̀. Ẹlòmíì á ní ṣé babaláwo ni mo fẹ́ dà.

Ti inú ọgbà ṣì kéré. Bàbá mi, tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé mi láìjanpata, Lọ́ọ̀ ni wọ́n sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé mo ń kà. Ó ti di pé Lọ́yà làwọn kan ń pè mí níbẹ̀. Bí mo bá dáhùn, irọ́ ni. Bí n ò bá dáhùn, mo dójú ti bàbá mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ẹ̀gàn yìí ti ṣẹ̀, nítorí kò jọ pé ó ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Ṣebí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì fi Yorùbá wàásù ní Freetown ní 1844. Ní 1875, àwọn oníwàásù jókòó l'Ékòó torí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó lè kọ Yorùbá dáadáa, èèyàn pàtàkì ni láàrin wọn.

Ìgbà tí owó dé ọ̀rọ̀ náà ló yí padà. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1882 so owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ka Yorùbá sí rárá. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń di akọ̀wé, akọ̀wé ló sì ń gba owó oṣù. Òbí wo ni ò ní fẹ́ kí ọmọ òun di akọ̀wé? N ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé owó ló bí ẹ̀gàn yìí o, kì í ṣe pé ẹnì kan wo inú èdè náà tí kò bá ọgbọ́n níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá dá yunifásítì sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1948, dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fúnni. Èèyàn lè ka Látìn àti Gíríkì níbẹ̀, èdè tí ẹnikẹ́ni ò fi ná ọjà rí ní Dùgbẹ̀. Kò sí dìgírì Yorùbá, èdè àwọn tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu géètì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Wándé Abímbọ́lá, ìmọ̀ ìtàn ló kà n'Ìbàdàn, ó jáde ní 1963. Dìgírì tó níyì ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Faransé ló kà níbẹ̀. Faransé o! Ẹni tó bá gbọ́ Faransé nígbà yẹn lè máa fojú sọ́nà fún iṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì. Àwọn méjèèjì ló padà wá sórí Yorùbá. Abímbọ́lá lọ kọ́ ìmọ̀ èdè l'Amẹ́ríkà, ó ń ti ọ̀dọ̀ babaláwo kan dé ọ̀dọ̀ òmíì, ó ń kó ẹsẹ Ifá jọ, ó tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Ní 1971, Yunifásítì Èkó fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítírésọ̀ Yorùbá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ẹ tún un kà: kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú Yorùbá nìkan, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo yunifásítì náà ni. Láti 1982 dé 1989, òun ni Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀. Mẹ́dísìn wà lábẹ́ ẹ̀, Lọ́ọ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹni tó bi mí bóyá babaláwo ni mo fẹ́ dà, ó dáa, kó máa bi mí lọ.

Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ dúró de dìgírì kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni láàrin 1961 sí 1962 tó fi kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Mo máa ń rò ó wò: iṣẹ́ Faransé ń dúró dè é lórí tábìlì, ó ń kọ eré Yorùbá. Kò sẹ́ni tó máa fún un ní máàkì kankan fún un. Ó kọ Ó Le Kú náà, tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní 1997. Àwọn ọmọge tó ń fi wá rẹ́rìn-ín níbí, ṣebí àwọn náà ń wọ ìró àti bùbá olékù? Ẹ bi wọ́n léèrè inú ìwé ta ni orúkọ yẹn ti wá.

Ifẹ̀ náà la ti rí ohun tó yẹ kó ti pa ẹjọ́ yìí. Ní 1970, Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé ìṣirò kàn ń bọ́ sẹ́nu ní Yorùbá bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn tó mọ èdè dénú ló jókòó wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ìwé wọn. Èyí ni mo máa ń fi dá ẹni tó ní "ṣé o ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀" lóhùn. Mo gbọ́ ọ. Ìwọ tó o gbọ́ ọ, sọ ìdí tí "igbá" àti "igba" fi yàtọ̀ fún mi, ká gbọ́.

Lóòótọ́, gbogbo wa kọ́ ló máa di Gíwá. Olùkọ́ girama lọ̀pọ̀ wa máa ṣe, owó oṣù olùkọ́ sì mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá sọ ìyẹn fún mi ò purọ́, n kì í bá a jà. Èyí tí n ò gbà ni pé àjẹkù ni wá, pé ẹni tí ò rí Lọ́ọ̀ mú ló ń ka Yorùbá. Àwọn tó la ọ̀nà yìí, wọ́n ti ní èyí tó níyì lọ́wọ́ kí wọ́n tó yà síbí.

Nínú ìsinmi tó kọjá, mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má sọ fẹ́nikẹ́ni mọ́ pé Lọ́ọ̀ ni mo ń kà. Wọn ò dá mi lóhùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àlejò kan láti ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ohun tí mò ń kà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ojú mi díẹ̀.

"Èdè ni," ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ èdè wo.