Ọta Kan Ṣoṣo: Ìtàn Ìbọn Ọdẹ Tí Kì í Gbáni Léjìká Jù

  Orí Wáàsáàpù ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá mi ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ọdẹ níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń wọ igbó lọ nígbà tí àsìkò ọdẹ bá dé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Àbúrò mi, ìwọ tó o máa ń ka ìtàn kiri, irú ìbọn wo ni kí n rà fún ọmọ yìí?" Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún 13, ni wọ́n ń sọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìbọn tiwọn gan-an, shotgun 12-gauge, ni wọ́n gbé fún ọmọ náà lọ́dún yẹn. Àgbọ̀nrín kan jáde, kò jìnnà tó ogójì mítà. Ọmọ náà yìnbọn. Ọta bà á, ṣùgbọ́n kò bà á níbi tó yẹ. Wọ́n tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lórí ewé gbígbẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí i. Ọmọ náà sunkún délé. Ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ ló sọ mí sínú ìwádìí yìí: "Dádì, kì í ṣe ẹranko yẹn ni mo bẹ̀rù. Ìbọn yẹn ni. Mo ti dijú kó tó dún."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹran tá à ń sọ. Àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà àti àgbọ̀nrín tiwa kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó wà nínú igbó wa kì í yọ ìwo rẹ̀ dànù títí ayé. Ti Amẹ́ríkà, èyí tí ìdí ìrù rẹ̀ funfun, ọdọọdún ni akọ rẹ̀ ń ju ìwo sílẹ̀ tí òmíràn sì ń hù. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ọdẹ àṣejù àti igbó gígé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ó kù nǹkan bí 500,000 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní Ohio, nígbà tó fi máa di ọdún 1904, kò sí ẹyọ kan mọ́. Òfin ni wọ́n fi dáàbò bò ó, wọ́n sì kó òmíràn wá láti ibòmíràn. Ọdún 1943 ni Ohio tó tún ṣí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín, ní káúńtì mẹ́ta péré. Lónìí, nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ló wà ní Amẹ́ríkà, ọdẹ sì wà lára ohun tí ìjọba fi ń dín iye rẹ̀ kù kó má bàa jẹ oko àti igbó tán. Torí náà, òfin ló ń pinnu ìbọn tó o lè gbé wọgbó. Ẹ rántí èyí, a máa padà sí i.

Wàyí o, ẹ jẹ́ n mú yín dé Òkè-Ògùn. Ọdẹ ni bàbá bàbá wa. Mo ṣì rántí ìbọn ṣakabùlà wọn tó máa ń wà lórí èkọ́ nínú yàrá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun, nítorí pé àwọn oníṣòwò ará Denmark wà lára àwọn tó kó irú rẹ̀ wá sí etíkun wa. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ń gbà kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fi ọta lé e. (Ẹ má fi ẹ̀tù tí à ń kì sínú ìbọn pe ẹtu tí à ń fi ìbọn pa o!) Tí bàbá bá ti yìn ín, ó parí nìyẹn. Kí wọ́n tó kì í tán lẹ́ẹ̀kejì, ẹran ti dé abúlé kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dúró pẹ́, tí wọ́n á súnmọ́ ẹran dáadáa, tí wọn kò sì ní yìn ín bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fẹ́nikẹ́ni jẹ.

Bákan náà ló rí fún àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ẹnu ìbọn làwọn náà ń gbà kì í. Lọ́dún 1848, Christian Sharps gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn kì. Ọta kan náà ló ń gbà, ṣùgbọ́n kíkì rẹ̀ yá. Lọ́dún 1879, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 kan ní Ogden, ní Utah, John Browning, gba ìwé àṣẹ lórí ìbọn ọlọ́ta-kan tiẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Winchester wá bá a níbẹ̀ lọ́dún 1883, wọ́n ra iṣẹ́ náà ní 8,000 dọ́là, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1885. Browning yìí kan náà ló tún ṣe ìbọn 1894 tó ń yin ọta léraléra. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ayé ìbọn ọlọ́ta-kan ti tán. Ta ló fẹ́ ọta kan nígbà tí mẹ́fà, méje wà?

Kí ló wá dé tí ìbọn fi ń gbáni léjìká? Newton ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1687: bí nǹkan kan bá ti nǹkan kejì, nǹkan kejì á ti òun náà padà, agbára kan náà ni. Bí ọta ṣe ń lọ síwájú ni ìdí ìbọn ń bọ̀ sẹ́yìn sí èjìká rẹ. Bí ọta bá tóbi, bó bá yára, bí ẹ̀tù bá pọ̀, ìbọn á tàpá. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá wúwo, ìtàpá rẹ̀ á rọlẹ̀.

Láyé ẹ̀tù dúdú, ọta kò lè sáré púpọ̀, torí náà wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá kó lè ṣiṣẹ́. Kátíríìjì .45-70 ti ọdún 1873 ń gbé ọta tó wúwo ju ìlọ́po méjì ọta .30-30 tá a máa dárúkọ láìpẹ́ lọ. Lọ́dún 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín. Agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an, torí náà díẹ̀ ló tó. Ọta wá di kékeré, ó sì ń yára. Lọ́dún 1895, kátíríìjì .30-30 jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀tù tuntun yìí, àìmọye àgbọ̀nrín ló sì ti pa láti ìgbà náà, láìjẹ́ pé ó ń fọ́ èjìká ẹni tó ń yìn ín.

Kí ló dé tí Bọ̀dá mi kò kàn ra irú rẹ̀ fún ọmọ? Òfin ni. Ibi púpọ̀ ní Ohio ló tẹ́jú, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ọta ráífù tó bá ṣìnà lè rìn jìnnà kó lọ bá onílé. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, shotgun ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀, ọta gọbọi kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀. Ọta yẹn kì í lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó wúwo, ìtàpá rẹ̀ sì le. Òfin tó ń dáàbò bo aládùúgbò ló ń jẹ èjìká ọmọdé níyà.

Ọdún 2014 ni nǹkan yí padà. Ohio fàyè gba ráífù, ṣùgbọ́n kátíríìjì tó gún régé bí ọ̀pá fèrè nìkan ni, kì í ṣe èyí tó lọ́rùn bí ìgò. Èyí tó lọ́rùn bí ìgò máa ń ní ẹ̀tù púpọ̀ lẹ́yìn ọta kékeré, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rìn jìnnà. Bí .243 Winchester tí wọ́n ń yìn fún ọmọdé ní ibòmíràn ṣe jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, àti .30-30 pàápàá. Lọ́dún 2019, Winchester gbé 350 Legend jáde nítorí irú àwọn ìpínlẹ̀ báyìí. Nígbà tó sì di ọdún 2023, Illinois tó wà nítòsí náà gba ráífù láàyè fún àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ọlọ́ta-kan ni dandan. Ẹ rí i bí ìtàn ṣe yí po? Ìbọn tí wọ́n ti sọ pé ayé rẹ̀ ti tán, òfin tún gbé e padà.

Ohun tí mo wá sọ fún Bọ̀dá mi nìyí. Nínú igbó tiwọn, wọn kì í yìnbọn kọjá 90 mítà, kò tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Èyí tó rọlẹ̀ jù lọ ni .357 Magnum, tí wọ́n ṣe fún ìbọn ìléwọ́ lọ́dún 1935. Nínú ráífù, ó tó fún àgbọ̀nrín tó súnmọ́, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. .44 Magnum lágbára jù ú lọ, ìtàpá rẹ̀ náà sì jù ú lọ. 350 Legend wà láàárín: nínú ìbọn tó wúwo bákan náà, ìtàpá shotgun 12-gauge Bọ̀dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin tirẹ̀. .45-70 àtijọ́ bófin mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.

Mo ní kí wọ́n ṣọ́ra fún nǹkan kan. Ìbọn ọlọ́ta-kan sábà máa ń fúyẹ́, ìbọn tó bá sì fúyẹ́ pẹ̀lú ọta ńlá á lù ọ́ bí ìbáàka. Ọta kékeré ló yẹ ẹ́. Kí ìdí rẹ̀ má gùn ju apá ọmọ lọ, kí rọ́bà tó nípọn wà nídìí rẹ̀, kí ọmọ sì bo etí rẹ̀ dáadáa, nítorí ariwo pẹ̀lú máa ń dẹ́rù bani. Ohun tó sì dáa jù nípa ọlọ́ta-kan ni pé o máa ń mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. O ṣẹ́ ẹ, o wò ó, ó tán.

Mo tún ní kí wọ́n dán nǹkan kan wò, ohun tí àwọn olùkọ́ ìbọn ti ń lò tipẹ́. Wọ́n yá 350 Legend ọlọ́ta-kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n lọ sí pápá ìyìnbọn, wọ́n sì fi fídíò pè mí. Bọ̀dá mi ń bá ọmọ kì í láìjẹ́ kó rí i. Nígbà mìíràn kátíríìjì gidi ni, nígbà mìíràn ayédèrú tí kò lẹ́tù nínú. Bí ayédèrú bá wà níbẹ̀ tí ẹnu ìbọn sì fò, ẹ̀rù ló fò ó. Níbẹ̀rẹ̀, ìbọn ọmọ náà ń fò. Nígbà tó yá, ó dúró digbí.

Ọmọ náà wá sọ pé, "Dádì, ó kàn yín." Ó gba 12-gauge bàbá rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó kì í, ó gbé e fún wọn. Bọ̀dá mi fà á. Kò dún. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn náà já wálẹ̀ bí ìwọ̀ tí ẹja gbé. Gbogbo wa dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ba ẹran jẹ́ nínú igbó, mo kàn ń sọ pé ẹran ló yára." Ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì ti gbà pé ọkùnrin kì í sọ pé ìbọn dun òun. Ọdún mélòó ni ìgbéraga yẹn fi jẹ àwọn ẹran tó sá lọ kú sínú igbó?

Ìbọn méjì ni wọ́n padà rà, ìkan náà ni méjèèjì.

Ní oṣù kọkànlá, ní àsìkò ọdẹ àwọn ọmọdé, bàbá àti ọmọ jókòó nínú igbó, aṣọ olómi ọsàn lọ́rùn wọn. Àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ jáde, ó jìnnà, ẹ̀ka igi sì bò ó. Ọmọ náà jẹ́ kó lọ, bí bàbá bàbá wa ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ kejì, òmíràn yà síwájú wọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn. Ọta kan ṣoṣo. Ẹran náà sáré díẹ̀, ó ṣubú níbi tí wọ́n ti lè rí i.

Kì í ṣe Bọ̀dá mi ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ: "Àńtí, mi ò dijú."

Ibi tá a máa dúró sí nìyẹn. Bí bàbá yín àgbà bá jẹ́ ọdẹ, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ fún wa nípa ìbọn wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.