Ariwo Tí Bàbá Mi Kò Rí Tún Ṣe

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni bàbá mi ń ṣe ní Ẹdẹ. Nígbà kan, oníbàárà kan gbé rédíò wá pé ó ń dún "ṣíì" lábẹ́ ìròyìn. Bàbá mi pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀. Ariwo náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Oníbàárà bínú, kò sanwó. Ìgbà tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo tó mọ̀ pé àwọn ariwo kan wà tí àtúnṣe kankan kò lè mú tán.

Ní 1918, Walter Schottky, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé pé bí a bá tilẹ̀ mú gbogbo àbùkù ẹ̀rọ kúrò, oríṣi ariwo méjì yóò ṣẹ́kù. Ooru ló ń fa ọ̀kan. Iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ló ń fa èkejì, nítorí pé ohun bíńtín tí à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé e, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń dé. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù nígbà òjò yóò mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀kán òjò bá tóbi, ariwo a le, bí ó bá kéré, a rọlẹ̀. Schottky fi hàn pé láti inú ariwo náà, a lè ṣírò bí ẹrù iná tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbé ṣe tó.

Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà tóóró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú òtútù líle. Bí ọ̀nà náà ṣe ń fẹ̀ sí i, ńṣe ni iná tó ń kọjá ń fò sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ní 1989, Gordey Lesovik, ará Rọ́ṣíà, ṣírò pé bí ọ̀nà bá ṣí pátápátá, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn, ariwo a sì rọlẹ̀. Ibi tí àwọn kan ti ń kọjá, tí a ń dá àwọn kan padà, ni ariwo wà.

Ní 1993, òun àti Leonid Levitov fi ọ̀nà tí a lè gbà ka iye tó ń kọjá hàn, kọjá ìpíndọ́gba lásán. Ẹni tó ń tajà ní ọjà Tìmì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀: kí ogún oníbàárà máa wá lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ogójì wá lónìí, kí ẹnikẹ́ni má wá lọ́la.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Ísírẹ́lì tẹ́tí sí irú ariwo bẹ́ẹ̀ níbi tí òòfà alágbára wà. Ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù! Ariwo ló tú àṣírí rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní Ẹdẹ tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ́ ọba tó mọ ìlù lù, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ohun tí àlejò pè ní ariwo, ọ̀rọ̀ ni létí ẹni tó gbọ́ ìlù.

Láti ìgbà náà, kó tó gba rédíò lọ́wọ́ oníbàárà ló ti ń sọ fún un pé: "Màá dín in kù. N kò ṣèlérí pé yóò tán."