Láti Orí Àdín Dé Orí Abẹ́rẹ́

Kí àwa tó dé èbúté Hamburg ni ekùrọ́ wa ti dé ibẹ̀. Kí ọdún 1900 tó pé, ilé iṣẹ́ Gaiser ti ń kó o láti Èkó. Àwọn ìyá wa ń fi àdín rẹ̀ para. Àwọn ará Jámánì ń fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Orí awọ ni gbogbo rẹ̀ mọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1899, dókítà Robert Gersuny ní Vienna bẹ̀rẹ̀ sí í gún faselíìnì sábẹ́ awọ. Àṣà náà tàn dé Berlin. Nígbà tó yá, ó di kókó, ó ba awọ jẹ́, ó tilẹ̀ fọ́ ojú àwọn kan.

Lónìí, abẹ́rẹ́ tó sàn jù wà lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú ń gún silikóònù sí ìdí obìnrin, ó sì ti pa àwọn kan. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: awọ tó dẹ̀ kì í pani.