Ta Ni Ó Jẹ̀bi: Awakọ̀ Ni, Tàbí Ẹni Tí Ó Ṣe Ọkọ̀?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ohun ìyanu kan ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà. Awakọ̀ yóò gbé bàálù ajubọ́ǹbù B-17 ti ojú ogun dé, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ká ẹsẹ̀ bàálù náà kò, bàálù yóò sì fi ikùn wọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀tá nítòsí, kò sí ìjì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe awakọ̀ ni, ó parí.

Alphonse Chapanis ni kò jẹ́ kí ó parí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnjiníà. Ìmọ̀ nípa èrò àti ìṣesí ọmọ ènìyàn ni ó kọ́. Ní 1943, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wright Field, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó ṣàkíyèsí pé irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń wa C-47. Bí ó bá jẹ́ pé àìfarabalẹ̀ ni, kí ló dé tí àìfarabalẹ̀ fi ń ṣa bàálù wọ̀?

Ó lọ wo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Nínú B-17, ṣuwíìṣì méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan wà fún ẹsẹ̀. Èkejì wà fún pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ìyẹ́, èyí tí a ń sọ̀ kalẹ̀ kí eré lè dín, tí a sì ń ká padà nígbà tí bàálù bá ti balẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó ti rẹ̀ a máa lọ sí ibi tí kò rán an. Chapanis ní kí wọ́n fi rọ́bà rìbìtì bí táyà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí ó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ nìkan tó láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àní nínú òkùnkùn.

Èmi tí mò ń kọ́ èdè kò lè ṣàìsọ èyí: èdè Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ó sì gbé orúkọ náà lé awakọ̀ lórí. Yorùbá ní àṣìgbọ́, ó ní àṣìsọ, ó ní àṣìmú. Bí ẹnìkan bá wí pé, “Mo ṣì í mú ni,” ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, kí ni ó jọ? Ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones to ìrírí 460 jọ, èyí tí wọ́n ti ń pè ní àṣìṣe awakọ̀. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó jẹ́ àṣìmú gan-an. Àwọn àgbà ní kí á lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìẹ. Adìẹ nìkan ni wọ́n ti ń bá wí láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tètè dé ibi iṣẹ́ mìíràn. Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, 1979, ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná onítọ́míìkì ti Three Mile Island, ní Pennsylvania, fáàfù kan ṣí, ó sì kọ̀, kò pa dé. Omi tí ń mú ẹ̀rọ tutù ń jò lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wo iná kékeré tí ó wà fún fáàfù náà: ó ti kú, wọ́n sì gbà pé fáàfù ti pa dé. Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ tí a fún fáàfù nìkan ni iná náà ń sọ, kò sọ bóyá fáàfù gbọ́. Agogo ìkìlọ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tilẹ̀ dín omi ìrànlọ́wọ́ kù, nítorí wọ́n rò pé omi ti pọ̀ jù. Ó lé ní wákàtí méjì kí ẹnì kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó fura, kí wọ́n tó dí ọ̀nà tí omi ń gbà jò.

Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Carter yàn, tí John Kemeny jẹ́ alága rẹ̀, kò dá àwọn òṣìṣẹ́ láre pátápátá. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó ka ẹ̀kọ́ tí kò tó àti yàrá ìdarí tí ó rúni lójú mọ́ ohun tí ó fa ìjàǹbá náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún yàrá ìdarí wọn yẹ̀ wò. Ọdún 36 ti kọjá lórí rọ́bà rìbìtì Chapanis.