Owó Ọjọ́ Kan Lóṣù

Ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Kossodo, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ouagadougou pọ̀ sí, ìyá kan tó ń ta ìrẹsì fi káàdì àjọ rẹ̀ hàn mí. Páálí kékeré ni, àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fa sórí rẹ̀. 500 fáráǹkì ló ń dá lóòjọ́. Bí káàdì bá kún, alájọ á kó 15,000 fún un, á mú 500 tó kù. Mo bi í bóyá 500 yẹn kì í dùn ún.

"Ọmọ mi, owó ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Àbí o rò pé ọ̀fẹ́ ló ń rìn nínú oòrùn yìí?"

Ọ̀rọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, èésú ló ṣàlàyé: àwọn ènìyàn á máa dá iye kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lábẹ́ olórí kan, gbogbo owó náà á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, kó tó kan ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èésú fẹ́ kí ẹ mọ ara yín, kí ẹ sì ráyè pàdé. Ẹni tí kò lè fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ní Kútọnu tàbí níbí, ẹni tí yóò wá bá a ló nílò. Bí alájọ ṣe dé nìyẹn, owó oṣù sì tẹ̀ lé e. Ẹni táa wá ń pe orí rẹ̀ ní pípé ni Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Sọ́fítíwíà tirẹ̀, agbárí rẹ̀ ló wà.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pariwo lórí Quicken, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Intuit, tí Scott Cook àti Tom Proulx dá sílẹ̀ ní 1983, ló ṣe é, kí ènìyàn lè máa kọ ìnáwó ilé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Síbẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, wọ́n á já okùn tó so ó mọ́ báǹkì, ẹ ó sì lọ ra tuntun. Intuit tà á ní 2016, nígbà tó sì fi máa di òpin 2017, ẹ̀dà tuntun ti di ohun tí à ń sanwó fún lọ́dọọdún. YNAB ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Mint, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n tì pa ní 2024.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tó kàn mí. Áàpù kan ni mo fi ń kọ owó mi sílẹ̀, dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Káàdì báǹkì mi kọ̀ fún oṣù méjì, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta sì wọ àgádágodo. Inú rẹ̀ ni gbogbo owó tí mo yá àbúrò mi díẹ̀díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ní 85,000 ni; mo ní 110,000 ni. A kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo san owó oṣù kan kí n tó rí ìṣírò tí ọwọ́ ara mi kọ. Àbúrò mi ló jàre.

N kò sọ pé mímọ́ ni alájọ. Àwọn kan ti gbé owó olówó sá lọ, áàpù mi kò lè ṣe ìyẹn. Bí ìyá yìí bá sì dá ọjọ́ mẹ́wàá péré lóṣù, 500 náà ni yóò san, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dáwọ́ àjọ dúró lọ́la, káàdì á ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, yóò sì ka iye tó ti dá láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Alájọ gun alùpùpù dé kó tó ta abọ́ ìrẹsì kejì. Ó gba 500, ó sàmì sí ìwé tirẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba páálí ìyá.