Àkóràn

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló so pọ̀ níhìn-ín: kó àti ràn. Ẹni tí àìsàn mú ti kó o. Iná a máa ràn láti òrùlé kan dé òmíràn. "Ràn" ló gbà mí lọ́kàn jù, nítorí pé ìrìn wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi adìyẹ wo ìrìn yìí. Ní Ifangni, nílẹ̀ Ìfọ̀nyìn lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, ẹni tó ní adìyẹ mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé lè fojú ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá di 5,000 nínú ọgbà, ojú kò tó. Kòkòrò àrùn Salmonella lè wà lára adìyẹ tó ṣì ń jẹ, tó ṣì ń yé; ó tilẹ̀ lè gba inú ẹyin dé ara òròmọdìyẹ.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń ranni lọ́wọ́. Bí 5 nínú 100 bá ti kó o, tí a mú 60 láìṣà, tí àyẹ̀wò kò sì tàsé, ìṣeéṣe pé a ó rí ọ̀kan tó ní in, ó kéré tán, jẹ́ nǹkan bíi 95 nínú 100. Bó bá jẹ́ 1 nínú 100 ló kó o, a ó nílò láti mú nǹkan bíi 300 kí ìṣeéṣe náà tó rí bákan náà.

Ṣùgbọ́n "ràn" kì í jẹ́ kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀: omi kan náà ni wọ́n ń mu, ìgbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń tẹ̀, nítorí náà àìsàn a máa ṣùjọ sójú kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú 60 náà káàkiri: ẹnu ọ̀nà, ìdí omi, igun tó ṣókùnkùn.