Kámẹ́rà Tí Ojú Rẹ̀ Kì Í Yọ: Láti Rolleiflex Verger dé Ọjà Koko

Oríṣi kámẹ́rà méjì ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a lè yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ kí a fi òmíràn rọ́pò: lẹ́ǹsì gígùn fún ohun tó jìnnà, lẹ́ǹsì tó fẹjú fún yàrá tó há. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti so lẹ́ǹsì mọ́ lára láti ilé iṣẹ́, tí kò ṣeé tú títí tí kámẹ́rà náà yóò fi kú. Ọ̀pọ̀ irú kejì yìí kéré débi pé ó wọ àpò ṣòkòtò, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kà á sí kámẹ́rà ọmọ iṣẹ́ tàbí ti arìnrìn-àjò. Ìtàn iṣẹ́ fọ́tò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ti èrò yẹn lẹ́yìn. Láti Kétu dé Ìlá Ọ̀ràngún, títí lọ dé Bamako, kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ kì í yọ ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà ayafọ́tò wa fi bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni àwọn mìíràn fi parí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí kámẹ́rà díjítà kékeré dé Bantè àti Savalou ní Benin, àṣà tó ti gbó ló bá nílẹ̀.

Àpótí Brownie àti àpótí onígi

Ní 1900 ni Kodak ti Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà Brownie jáde, dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á. Páálí ni ara rẹ̀, lẹ́ǹsì kan ló wà níwájú, kò sì sí nǹkan kan tí ènìyàn lè tún ṣe lára rẹ̀ ju kí ó yí fíìmù kí ó sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn Brownie tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tàn káàkiri ilẹ̀ wa. Ní Bamako, Seydou Keïta, tó padà di àgbà ayafọ́tò, ṣì ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ mú Brownie kan bọ̀ fún un láti Senegal ní 1935. Malick Sidibé, tí òun náà fi Bamako ṣe ibùjókòó, fi Brownie bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ní Nàìjíríà, Brownie D ni J. D. 'Okhai Ojeikere kọ́kọ́ ní, ní 1950, kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin Nàìjíríà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní ohun tí yóò yí lára ẹ̀rọ nígbà náà. Ibi tí wọn yóò dúró sí, apá ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, àti bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà yóò ṣe jókòó, ìwọ̀nyí nìkan ló kù fún wọn láti kọ́.

Àwọn tí kò rówó Brownie ní káfíńtà. Ní Gánà àti Tógò, àwọn ayafọ́tò ẹ̀bá ọ̀nà máa ń gbé àpótí onígi kan kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ǹsì kan wà níwájú rẹ̀, aṣọ dúdú tí ó dà bí apá ẹ̀wù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú àpótí náà gan-an ni yàrá òkùnkùn. Oníṣẹ́ á ti ọwọ́ bọ inú aṣọ yẹn, á fọwọ́ wá ìwé fọ́tò, á rì í sínú omi oògùn láìrí ohun tó ń ṣe. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ni nẹ́gátíìfù lórí ìwé, ojú ènìyàn yóò funfun, irun rẹ̀ yóò sì dà bí ẹfun. Oníṣẹ́ á wá gbé ìwé náà kọ́ síwájú lẹ́ǹsì kan náà, á tún un yà, ìgbà yẹn ni dúdú á di dúdú tí funfun á di funfun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, oníbàárà ti gba fọ́tò ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó ti ń bá tirẹ̀ lọ.

Verger tẹríba

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi agbára ojú kan ṣoṣo hàn jù lọ ní ilẹ̀ Dahomey àtijọ́ ni Pierre Verger. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902, ọdún 1932 ló sì kọ́ fọ́tò. Rolleiflex, kámẹ́rà tí ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ti Jámánì gbé jáde ní 1929, ni ó fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀. Ojú méjì ni Rolleiflex ní, ọ̀kan lórí èkejì, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ya àwòrán. Ti òkè wà fún wíwò. Méjèèjì ni kò ṣeé yọ. Fíìmù kan gba àwòrán 12, lẹ́yìn náà ó di dandan kí ayafọ́tò dúró kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà tí à ń gbé sójú. Ayafọ́tò á gbé e sí àyà tàbí ikùn, á wolẹ̀ sínú dígí tó wà lókè rẹ̀, á sì rí ọ̀tún ní òsì. Ẹni tí wọ́n ń yà kò ní rí irin tí wọ́n nà sí i lójú. Ẹnìkan tó tẹ orí ba níwájú rẹ̀ ni yóò rí. Ní agboolé olórìṣà, níbi tí àlejò kì í ti dúró ṣánṣán níwájú àgbà, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Nítorí pé lẹ́ǹsì náà kò lè fa ohun tó jìnnà súnmọ́, àfi kí Verger fúnra rẹ̀ súnmọ́, kò sì sí bí àlejò ṣe lè súnmọ́ ibi ẹbọ láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì fún un ní àyè.

Ó fi Salvador ní Bahia, Brazil, ṣe ilé ní 1946. Kò pẹ́ tí IFAN, àjọ ìwádìí tí àwọn Faransé gbé kalẹ̀ ní Dakar, fún un ní owó ìrànwọ́ láti wá wo orísun àwọn òrìṣà tí ó rí ní Bahia. Théodore Monod, ọ̀gá àjọ náà, ni ó ní kí ó má fi mọ sórí fọ́tò, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1953 ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ìwé rẹ̀ Dieux d'Afrique jáde ní 1954. Nígbà tí ó kú ní Salvador ní 1996, nẹ́gátíìfù tó lé ní 60,000 ló fi sílẹ̀, wọ́n sì wà ní ìtọ́jú títí dòní ní àjọ tí ó dá sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ ní 1988.

Sítúdíò, Yashica àti àwòrán ìbejì

Rolleiflex wọ́n ju owó ọmọ iṣẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn ará Japan gbé Yashica-Mat jáde ní 1957, tí ó jọ ọ́ ní ìrísí tí owó rẹ̀ sì rọjú, àwọn sítúdíò ilẹ̀ wa gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1912, wà lára àwọn tó sọ fọ́tò di iṣẹ́ àárín ìlú. Ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael, tí wọ́n bí ní 1965, ló jogún iṣẹ́ náà.

Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí lórí àwọn ayafọ́tò Yorùbá ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé àwòrán àgbà ní ìlànà tirẹ̀: olúwarẹ̀ á jókòó gbọọrọ, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé itan, á wọ aṣọ tó dára jù, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ á sì hàn. Ó tún rí àwòrán ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayafọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan kí wọ́n lè jókòó pa pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n á fi aṣọ èyí tó kú wọ èyí tó wà láàyè fún àwòrán kejì. Gbogbo èyí kò béèrè lẹ́ǹsì méjì. Lẹ́ǹsì tó ń rí bí ojú ènìyàn ṣe ń rí ti tó, bí oníṣẹ́ bá mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó yẹ kí ó fi sẹ́yìn.

Díjítà dé

Ní 1975, Steven Sasson, ẹnjiníà ní Kodak, ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́, tí kò lo fíìmù. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni àwòrán kan fi ń wọ orí kásẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Casio gbé QV-10 jáde: lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, ó ń gba àwòrán 96, ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ẹ̀yìn yẹn ló yí ìṣòwò padà. Oníbàárà tó bá sọ pé òun dijú á rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì tún un yà láìná fíìmù kankan.

Ní nǹkan bí 2000 sókè, owó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Canon ṣe àwọn PowerShot A tí wọ́n ń lo bátìrì AA, irú èyí tí a ń ki bọ tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo kíóṣì sì ń tà. Ní abúlé tí iná kì í dé déédéé, ohun tó ń mú kí iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ní 2010, kámẹ́rà díjítà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan kó jáde lọ́dún náà, lé ní 100,000,000.

Lójú ọ̀nà Koko

Koko jẹ́ ọ̀kan nínú ìpín mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bantè, ní ẹkùn Collines, níbi tí àwọn Ica, ẹ̀ka Yorùbá, ti ń dáko iṣu àti kajú lẹ́bàá ààlà Tógò. Savalou wà ní gúúsù rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ayafọ́tò agbègbè yìí ń bá wọ̀jà: eruku, oòrùn ọ̀sán, àti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa kì í fi ibì kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá yọ lẹ́ǹsì níta ti ṣílẹ̀kùn fún un, á sì bà sórí sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, àmì dúdú á máa hàn lójú sánmà nínú gbogbo àwòrán. Kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ bọ́ nínú ewu yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ń yọ síta tí ó ń wọlé nígbà tí wọ́n bá tàn án máa ń fa afẹ́fẹ́ wọnú, eruku á bá a wọlé, kò sì sí bí ẹni tó ni ín ṣe lè nu inú rẹ̀ láìtú u. Èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ dúró sójú kan ló ń pẹ́.

Ní ti oòrùn, ẹ wo ìyá kan ní ọdún iṣu Savalou, ní 15 oṣù kẹjọ. Gèlè rẹ̀ funfun, oòrùn wà lórí, òjìji gèlè sì bo ojú rẹ̀. Kámẹ́rà á fi gèlè wọn ìmọ́lẹ̀, ojú ìyá á sì di dúdú kirikiri. Fíláàṣì ló lè là á. Nínú kámẹ́rà ńlá tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé yọ, aṣọ ìkélé tó ń ṣí tó ń pa wà níwájú sẹ́ńsọ̀, fíláàṣì kì í sì í bá a mu tó bá yára ju ìdá 200 tàbí 250 nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì wọn kì í yọ, àárín lẹ́ǹsì ni ìdérí náà wà. Ti Rolleiflex ń bá fíláàṣì lọ dé ìdá 500. Ohun tó dà bí àìní wá di àǹfààní, gèlè á funfun, ojú ìyá á sì hàn. Ní ti ọ̀nà jíjìn, bátìrì tí a lè rí rà nítòsí ló ń gba ayafọ́tò.

Fọ́ònù gba iṣẹ́, kámẹ́rà kékeré padà wá

Láti 2007 tí iPhone ti jáde, fọ́ònù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọjà kámẹ́rà kékeré. Ní 2023, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan kó jáde kò tó 2,000,000 mọ́. Ní Benin, ọ̀nà oúnjẹ mìíràn tún dín: nígbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò (LEPI) ní 2010 sí 2011, àti ìkànìyàn fún ìdánimọ̀ ará ìlú (RAVIP) ní 2017 sí 2018, ẹ̀rọ ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ya ojú àwọn ará ìlú.

Kámẹ́rà kékeré tó kù ni èyí tó ń ṣe ohun tí fọ́ònù kò lè ṣe. Ricoh gbé GR Digital jáde ní 2005. Ní 2013 ó fi sẹ́ńsọ̀ ńlá sínú GR tuntun tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ. Fujifilm gbé X100 jáde ní 2011, Leica gbé Q jáde ní 2015. X100VI ti 2024 ní mẹgapíksẹ́ẹ̀lì 40, dọ́là 1,599 sì ni wọ́n dá lé e lórí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde. Ohun tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan ní 1900 ti di ohun olówó, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò yí padà: lẹ́ǹsì kan, ẹsẹ̀ méjì.

Ààlà rẹ̀ náà wà. Lẹ́ǹsì GR fẹjú. Ẹni tó bá fi í súnmọ́ ojú ènìyàn jù á sọ imú rẹ̀ di ńlá. Kò sì dára fún bọ́ọ̀lù tàbí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù ní Bantè àti Savalou ni ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọdún àti àwòrán àgbà tó jókòó gbọọrọ. Lẹ́ǹsì kan ti ń ṣe ìwọ̀nyí láti ìgbà Yashica.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi kámẹ́rà kékeré ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó. Ṣé lẹ́ǹsì rẹ̀ dúró sójú kan, àbí ó ń yọ tó ń wọlé? Ṣé a ó rí bátìrì rẹ̀ rà ní Savalou, láìlọ Kútọnu? Ṣé fíláàṣì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán gangan? Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rà á, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní kámẹ́rà ọmọ iṣẹ́.